Òǹwòran Kì í Ṣe Ẹni Tí À Ń Gún Lábẹ́rẹ́

Láàárín àwọn olóṣèlú, àwọn oníwàásù, àwọn olùkọ́ àti ọ̀pọ̀ òbí ní Nàìjíríà, èrò kan ti fìdí kalẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni tó bi í léèrè mọ́. Èrò náà ni pé ohun tí rédíò bá sọ, tí amóhùnmáwòrán bá gbé jáde, tí fíìmù bá fi hàn, òun ni àwọn tó ń gbọ́ tó ń wò yóò gbà, òun náà ni wọn yóò sì ṣe. Bí ọ̀daràn kan bá pa ènìyàn nítorí owó, wọn á ní fíìmù ló kọ́ ọ. Bí ìlú bá dàrú lẹ́yìn ìdìbò, wọn á ní rédíò ló dáná sí i. Bí ọmọ bá ń ṣàìgbọràn, wọn á ní fóònù ni. Èrò yìí kò tọ̀nà. Ó ń fojú ènìyàn gbolẹ̀, ó ń gbé ẹ̀bi kúrò lọ́rùn ẹni tó ni ín, ó sì ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ẹnu lásán báyìí, ó ti di ìlànà ìjọba.

Ní oṣù Kejì ọdún 2022, Ilé Aṣojú-ṣòfin ní Abuja ní kí ìjọba àpapọ̀ kéde ọ̀rọ̀ pàjáwìrì lórí bí wọ́n ṣe ń pa ènìyàn ṣe ògùn owó. Kò pẹ́ sí i tí Lai Mohammed, mínísítà ètò ìròyìn nígbà náà, pàṣẹ fún NFVCB, àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò fíìmù àti fídíò, pé kó wá nǹkan ṣe sí àwọn fíìmù tó ń ṣàfihàn irú ìwà bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún ọdún 2024, àjọ náà kéde ìlànà tuntun ní Enugu: fíìmù, fídíò orin àti eré àwàdà kéékèèké kò gbọdọ̀ gbé ògùn owó, ìpànìyàn fún ètùtù àti sìgá lárugẹ mọ́. Àwọn òṣèré sọ tiwọn, àwọn aṣòfin sọ tiwọn, àwọn olórí ẹ̀sìn náà sọ tiwọn. Àwọn tó ń wo fíìmù nìkan ni ẹnikẹ́ni kò bi léèrè ohun tí wọ́n ń rí nínú rẹ̀ àti ohun tí wọ́n ń fi ṣe. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ wọn ni gbogbo ènìyàn ń sọ.

Èrò náà kò bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, ẹnu ya àwọn ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà àti Yúróòpù sí bí ìjọba ṣe fi ìwé ìléwọ́, àwòrán ara ògiri àti ìwé ìròyìn kó àìmọye ènìyàn lọ sójú ogun. Ní 1927, Harold Lasswell tẹ ìwé jáde lórí ọgbọ́n ìpolongo tí àwọn orílẹ̀-èdè lò nínú ogun náà. Àsìkò yẹn gan-an ni rédíò àti sinimá ń gbilẹ̀. Àwọn tó ń kọ́ nípa ìgbéròyìnjáde wá fún èrò tó gbòde nígbà náà ní orúkọ kan, àbá abẹ́rẹ́: ọ̀rọ̀ ni oògùn inú abẹ́rẹ́, ẹni tí wọ́n bá gún kò ní ohùn sí i, iṣẹ́ tí oògùn náà ń ṣe lára ẹnì kan ni yóò ṣe lára gbogbo ènìyàn.

Ẹ̀rí tí àwọn tó gba àbá yìí gbọ́ fẹ́ràn jù ni eré rédíò kan tó wáyé ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá ọdún 1938. Orson Welles àti ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ gbé ìtàn kan tí H. G. Wells kọ ní 1898 sórí rédíò CBS, wọ́n sì ṣe é bí ẹni ń ka ìròyìn pé àwọn ẹ̀dá láti ayé Mars ti balẹ̀ sí Grover's Mill ní ìpínlẹ̀ New Jersey. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ojú ewé àkọ́kọ́ àwọn ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà kún fún ìròyìn pé jìnnìjìnnì bá gbogbo orílẹ̀-èdè náà, pé àwọn ènìyàn sá jáde nílé. Títí di òní, ìtàn yìí ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ pé rédíò lè da ènìyàn láàmú bó bá ṣe wù ú.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ti gidi kò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ilé iṣẹ́ C. E. Hooper, tó máa ń ka iye ènìyàn tó ń gbọ́ rédíò, pe nǹkan bí ilé 5,000 lórí tẹlifóònù láti béèrè ohun tí wọ́n ń gbọ́. Ìdá méjì péré nínú ọgọ́rùn-ún ló dárúkọ ohun tó jọ eré Welles. Ètò àwàdà Edgar Bergen, tó ń lọ lọ́wọ́ ní wákàtí kan náà ní ilé iṣẹ́ mìíràn, gbajúmọ̀ jù ú lọ jìnnà. Àwọn ìwé ìròyìn tó pariwo jìnnìjìnnì náà sì ní ìdí tiwọn: ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, rédíò ti ń gba owó ìpolówó ọjà mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n sì fẹ́ kí ayé gbà pé olóṣèlú àti oníṣòwò kò lè fọkàn tán rédíò. Hadley Cantril, ẹni tó kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ náà ní 1940, gbà pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ẹ̀rù bà. Síbẹ̀, nínú ìwé tirẹ̀ gan-an, àwọn tó gbọ́ eré náà kò ṣe bákan náà. Àwọn kan yí rédíò wọn sí ibòmíràn láti wádìí, àwọn kan yẹ ìwé ìròyìn wò láti mọ ètò tó yẹ kó máa lọ, àwọn mìíràn wo ojú fèrèsé tàbí kí wọ́n bi ará ilé léèrè. Ẹni tí abẹ́rẹ́ bá wọ̀ lára kì í wádìí.

Ọdún kan náà tí ìwé Cantril jáde ni Paul Lazarsfeld àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí àgbègbè Erie ní ìpínlẹ̀ Ohio, níbi tí wọ́n ti ń bá àwọn olùdìbò kan náà sọ̀rọ̀ láti oṣù Karùn-ún títí di oṣù Kọkànlá, bí Roosevelt àti Willkie ṣe ń du ipò ààrẹ. Wọ́n fẹ́ mọ bí rédíò àti ìwé ìròyìn ṣe ń yí ènìyàn lọ́kàn padà. Ohun tí wọ́n bá pàdé, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1944, yà wọ́n lẹ́nu: ọ̀pọ̀ jù lọ ti mọ ẹni tí wọn yóò dìbò fún kí ìpolongo tó gbóná, díẹ̀ péré ni ọkàn wọn yí láti ẹgbẹ́ kan sí èkejì, àwọn tó yí sì sábà máa ń dárúkọ ọ̀rẹ́, ẹbí tàbí ẹlẹgbẹ́ níbi iṣẹ́ ju rédíò lọ. Ọ̀rọ̀ rédíò ń gba ẹnu àwọn ènìyàn kan tí aládùúgbò fọkàn tán kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù. Ibi tí wọ́n bá sì ti ń gba ẹnu sọ ọ́ ni wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n ti ń gé e kù, tí wọ́n ti ń fi tiwọn kún un.

Kí ọdún 1970 tó dé, àbá abẹ́rẹ́ ti kú láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé. Ẹni tó wá ṣàlàyé ohun tó yẹ kó rọ́pò rẹ̀ yéni jù ni Stuart Hall, ọmọ Kingston ní Jamaica, tó ń kọ́ni nígbà náà ní Yunifásítì Birmingham. Ní 1973 ó kọ ọ́ pé ẹni tó ṣe ètò amóhùnmáwòrán máa ń fi ìtumọ̀ kan sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n òǹwòran ló máa tú u. Òǹwòran lè tú u bí aṣètò ṣe fẹ́. Ó lè gba apá kan kó sì yọ apá kan sọ nù nítorí ohun tí ojú rẹ̀ ti rí. Ó sì lè mọ ohun tí aṣètò ń sọ dájú, kó wá kọ̀ ọ́ pátápátá. Ipò tí ẹni náà wà láwùjọ, iṣẹ́ rẹ̀, ẹgbẹ́ rẹ̀ àti ilé tó ti wá ló ń pinnu èyí tí yóò ṣe nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Olùwádìí méjì, Tamar Liebes àti Elihu Katz, fi Dallas, eré amóhùnmáwòrán Amẹ́ríkà nípa ìdílé olówó epo ní Texas, dán ọ̀rọ̀ yìí wò ní Israẹli. Wọ́n kó àwọn ènìyàn jọ ní yàrá àlejò wọn, Lárúbáwá, àwọn Júù tó ti Morocco wá, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Rọ́ṣíà dé, àwọn ará kibbutz (abúlé tí wọ́n ti jọ ń gbé, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́), wọ́n sì ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí. Kò sí ẹgbẹ́ tó rí ohun tí ẹgbẹ́ kejì rí. Àwọn kan ń tọ ipa ìtàn náà bí ẹni ń tọ ìran, ta ni ọmọ ta, ta ni yóò jogún. Àwọn ará Rọ́ṣíà ń béèrè ohun tí ẹni tó ṣe eré náà fẹ́ kí wọ́n gbà. Nínú eré náà, Sue Ellen gbé ọmọ rẹ̀ sá lọ sí ilé baba àlè rẹ̀. Ẹgbẹ́ Lárúbáwá kan sọ pé ilé baba tirẹ̀ ló sá lọ, nítorí pé ibẹ̀ ni obìnrin tí ọkọ ń fìyà jẹ máa ń lọ ní ayé tí wọ́n mọ̀. Ojú rí ohun kan, ọkàn tún un ṣe kó tó gbà á wọlé. Ní Japan ńkọ́? Wọ́n gbé Dallas dé ibẹ̀, kò mú. Òǹwòran pa á tì, ó sì parí síbẹ̀.

Bí ẹ̀kọ́ wọ̀nyí ṣe níyì tó, ó dunni pé láti òkèèrè ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń gbọ́ wọn, nígbà tó jẹ́ pé kò sí ibi tí òǹwòran ti ní ọwọ́ nínú eré tó ilẹ̀ Yorùbá. Láti ayé alárìnjò ni ẹgbẹ́ òṣèré tó bá wọ ìlú ti ń wo ojú èrò. Ibi tí èrò bá ti rẹ́rìn-ín, òṣèré á tún un ṣe. Ibi tí wọ́n bá ti dákẹ́, á yára fò ó. Owó tí wọ́n yóò gbà nídìí agbo ń bẹ lọ́wọ́ èrò, orúkọ tí wọn yóò gbé lọ sí ìlú tó kàn náà ń bẹ lọ́wọ́ èrò.

Karin Barber, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ Yorùbá dáadáa, bá ẹgbẹ́ Òyìn Adéjọbí ti Òṣogbo rìn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ó tilẹ̀ bá wọn ṣeré lórí ìtàgé, ó sì kọ ohun tó rí sínú ìwé tó jáde ní 2000. Ẹgbẹ́ náà kì í kọ ọ̀rọ̀ eré sílẹ̀. Ìtàn ni ọ̀gá máa là kalẹ̀, òṣèré kọ̀ọ̀kan á sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Bí eré bá ti ń lọ láti ìlú kan sí òmíràn, ohun tí èrò gbà tọwọ́tẹsẹ̀ ń gùn sí i, ohun tí wọn kò gbà ń kú díẹ̀díẹ̀. Èrò kì í jókòó jẹ́ẹ́. Wọ́n á kìlọ̀ fún ẹni tí ọ̀tá rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn, wọ́n á bú olófòófó, wọ́n á parí òwe tí òṣèré bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá sì jáde, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni ẹ̀kọ́ tí wọ́n rí kọ́, ẹni kọ̀ọ̀kan á sì mú èyí tó bá ọ̀ràn ilé tirẹ̀ mu. Ẹni tó ní orogún kò gbé ohun tí ẹni tó ní ọ̀dàlẹ̀ ọ̀rẹ́ gbé lọ sílé.

Ìwé ìròyìn náà kò yàtọ̀. Láàárín 1929 àti 1930, I. B. Thomas, olóòtú Akéde Èkó, ń tẹ ìtàn ayé obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá jáde ní ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ní ìrísí lẹ́tà tí obìnrin náà fúnra rẹ̀ kọ láti orí ibùsùn àìsàn. Thomas ló ń kọ ọ́. Àwọn òǹkàwé bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí ìwé ìròyìn náà: àwọn kan káàánú Sẹ̀gilọlá, àwọn kan ń jiyàn lórí ẹni tó lè jẹ́, àwọn kan ń fi ìtàn náà kìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́bìnrin. Lẹ́tà wọn di ara ohun tí ará Èkó ń kà, ìfẹ́ wọn ló sì sọ ìtàn náà di ìwé ní 1930. Ẹni tó bá pe Sẹ̀gilọlá ní ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́ ní ẹ̀tọ́ láti wí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kó rántí pé Thomas nìkan kọ́ ló ṣe é.

Ọ̀ràn Yorùbá Ronú tún là á yé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1964, Hubert Ògúndé ṣe eré kan nípa ọba tí ọmọ abẹ́ rẹ̀ dalẹ̀ rẹ̀. Kò dárúkọ Awólọ́wọ̀, kò dárúkọ Akíntọ́lá, àwọn olóṣèlú méjì tí ìjà wọn ń da Ìwọ̀-oòrùn rú nígbà náà. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ á di odindi; èrò tó wo eré náà sọ ọ́ di odindi lójú ẹsẹ̀. Ìjọba Ìwọ̀-oòrùn fòfin de Ògúndé pé kò gbọdọ̀ ṣeré mọ́ ní gbogbo ẹkùn náà, títí ìjọba ológun fi tú u sílẹ̀ ní 1966. Ohun tí ìjọba yẹn ṣe burú, ṣùgbọ́n ó jẹ́wọ́ ohun tí àwọn tó gbà pé òǹwòran kò ní ọpọlọ kì í fẹ́ jẹ́wọ́. Nínú eré tí kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ẹ̀sùn tó wà níbẹ̀ ẹnu òǹwòran ló ti jáde. Ìjọba ń bẹ̀rù Ògúndé nítorí ó mọ̀ pé àwọn tó jókòó níwájú rẹ̀ gbọ́n.

Ọ̀rọ̀ ìdìbò 1983 ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ìgbà náà tún ṣeé fi ṣe ẹ̀rí. FEDECO, àjọ tó ń ṣètò ìdìbò nígbà náà, kéde pé Akin Ọmọ́boríowó ti ẹgbẹ́ NPN ló wọlé gómìnà. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bí àbá abẹ́rẹ́ ṣe sọ ọ́, ìkéde tí ìjọba àpapọ̀ gbé kiri yẹ kó tó láti mú ìlú dákẹ́. Àwọn ará Oǹdó ti ka ìbò ní ibùdó ìdìbò wọn, wọ́n ti mọ ohun tí wọ́n rí, wọn kò sì gbà. Rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀, ẹ̀mí ṣòfò, dúkìá jóná, èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè yìn. Ilé ẹjọ́ ló padà dá ipò náà fún Adékúnlé Ajásin ti ẹgbẹ́ UPN. Ìkéde kan kì í wọlé sí ọkàn ẹni tó ti ní ẹ̀rí mìíràn lọ́wọ́.

Bí òǹwòran ṣe ń tú ìtumọ̀ fíìmù, bẹ́ẹ̀ náà ló ń pinnu irú fíìmù tí wọn yóò ṣe. Fíìmù àgbéléwò tó wá di òkìkí Nàìjíríà kò ti ọ̀dọ̀ ìjọba tàbí ilé iṣẹ́ ńlá wá. Nígbà tí náírà ṣubú ní ìparí àwọn ọdún 1980, tí ilé sinimá ń ti ìlẹ̀kùn, tí ẹ̀rù ń ba ènìyàn láti rìn lóru, àwọn ìdílé yàn láti máa wo eré nílé lórí kásẹ́ẹ̀tì. Kenneth Nnebue, oníṣòwò kásẹ́ẹ̀tì, rí èyí. Ó kọ́kọ́ fowó sí fíìmù Yorùbá, kó tó wá gbé Living in Bondage jáde ní èdè Ìgbò ní 1992. Láti ìgbà náà, òǹtajà fíìmù ní Ìdúmọ̀tà ní Èkó mọ̀ pé bí apá kìn-ín-ní kò bá tà, apá kejì kò sí. Ní Kano ẹ̀wẹ̀, àwọn ará ìlú tó ti ń wo fíìmù Íńdíà fún ọ̀pọ̀ ọdún yàn án ju ti Amẹ́ríkà lọ, nítorí pé ọ̀ràn ìgbéyàwó tí òbí ń ṣètò, ìtìjú àti ọ̀wọ̀ tó wà nínú rẹ̀ jọ tiwọn. Nígbà tí àwọn Hausa bẹ̀rẹ̀ fíìmù tiwọn, orin àti ijó Íńdíà ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe nítorí pé Íńdíà pàṣẹ, bí kò ṣe pé ohun tí òǹwòran ń fẹ́ nìyẹn.

Níbi yìí ni ọ̀rọ̀ ògùn owó ti wọlé. Àwọn tó ṣe ìlànà 2024 gbà pé fíìmù ló bí ìgbàgbọ́ nínú owó ẹ̀jẹ̀. Ìtàn kò bá wọn gbè. Ní 1982, ọdún mẹ́wàá kí Living in Bondage tó jáde, Barber ti kọ̀wé lórí bí eré Yorùbá ṣe ń sọ̀rọ̀ owó tí kò ní orírun nígbà tí owó epo ń ya wọ ìlú bí omi. Àwọn ènìyàn rí àwọn tó di olówó ní òru ọjọ́ kan láìsí iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni mọ̀, ìbéèrè sì wà lẹ́nu wọn: níbo ni owó yìí ti wá? Ìtàn ògùn owó ni ìdáhùn tí wọ́n fún ara wọn. Òṣèré kó o lẹ́nu wọn gbé sórí ìtàgé, àwọn tó ń ṣe fíìmù sì gbé e láti orí ìtàgé sínú kásẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí àwọn ará Owerri dìde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1996, lẹ́yìn tí wọ́n rí i pé wọ́n pa ọmọdékùnrin kan ní òtẹ́ẹ̀lì Otokoto, ilé àwọn olówó tí wọ́n ti ń fura sí tipẹ́ ni wọ́n lọ dáná sun. Irú ìfura bẹ́ẹ̀ ti wà nílẹ̀ kí fíìmù ògùn owó tó wà. Bí ìjọba bá fẹ́ pa ìtàn yìí run, kí ó dáhùn ìbéèrè tó bí i: kí ó jẹ́ kí àwọn ènìyàn mọ bí àwọn tó ń lówó ṣe ń lówó.

Àwọn tó ń ti ìlànà náà lẹ́yìn ní ìdáhùn kan tó dàbí pé ó lágbára. Wọ́n mọ̀ pé nínú ọ̀pọ̀ fíìmù wọ̀nyí, ẹni tó ṣe ògùn owó kì í gbádùn rẹ̀. Nínú Living in Bondage, ẹ̀mí ìyàwó tí Andy, ẹni tí ìtàn náà dá lé, fi ṣe ètùtù kò jẹ́ kó rí ìsinmi. Wọ́n ní ọ̀dọ́ kì í wo ìparí, pé mọ́tò àti ilé ńlá àárín fíìmù ni wọ́n ń wò. Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ èyí ti fi ẹnu ara rẹ̀ wó ilé rẹ̀. Bí aṣefíìmù bá wí pé ìparí olójúkòkòrò ni ikú, tí òǹwòran sì ju ìparí náà nù, tó mú mọ́tò nìkan, a jẹ́ pé òǹwòran ló yàn, kì í ṣe fíìmù. Ohun tó sì mú kó yan mọ́tò kò sí nínú fíìmù náà. Ó wà ní àdúgbò rẹ̀, nínú àìríṣẹ́ṣe, nínú oyè tí ìlú fi ń dá olówó lọ́lá láìbéèrè ibi tó ti rí i, nínú ìjókòó iwájú tí wọ́n ń fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Gígé fíìmù kò kan ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí.

Ọ̀ràn kan wà tí ẹnikẹ́ni tó bá ń jiyàn yìí kò gbọdọ̀ sá fún: rédíò RTLM ní Rwanda. Láti oṣù Keje ọdún 1993 ló ti ń pe àwọn ẹ̀yà Tutsi ní orúkọ burúkú, nígbà tí ìpakúpa sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 1994, ó ń dárúkọ ènìyàn, ó ń sọ ibi tí wọ́n sá sí. Kò sí rédíò tó tún lè burú ju báyìí lọ. Ó yẹ kí àwọn tó dá a sílẹ̀ jẹ́jọ́, ilé ẹjọ́ àgbáyé ní Arusha sì dá wọn lẹ́bi ní 2003. Síbẹ̀, nígbà tí olùwádìí Scott Straus bi àwọn tó pa ènìyàn léèrè nínú ẹ̀wọ̀n, ohun tí ọ̀pọ̀ wọn sọ ni pé àwọn aládùúgbò àti àwọn olórí àdúgbò ló wá kàn wọ́n nílẹ̀kùn, kì í ṣe rédíò. David Yanagizawa-Drott, olùwádìí mìíràn tó gbà pé RTLM ní ipa gidi, ṣírò rẹ̀ ní 2014 pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá àwọn tó kópa ni a lè so mọ́ rédíò náà. Ìdá kan nínú mẹ́wàá pọ̀ nínú ìpakúpa, ẹ̀mí ènìyàn sì ni. Ìdá mẹ́sàn-án tó kù ńkọ́? Ẹni tó bá di gbogbo rẹ̀ ru rédíò ti dá ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ apànìyàn sílẹ̀, ó sì ti fojú fo ìjọba, ológun àti ìkórìíra ọlọ́jọ́ pípẹ́ tó kó wọn jọ.

Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ rò pé nítorí òǹwòran ń ronú, ó máa ń ronú ire ní gbogbo ìgbà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014, lẹ́yìn tí àrùn Ebola wọ Èkó, ìfiranṣẹ́ kan gba orí fóònù ká Nàìjíríà pé kí àwọn ènìyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu ún, kí wọ́n má baà kó àrùn náà. Kò sí rédíò tàbí amóhùnmáwòrán kan tó pa á láṣẹ. Ilé iṣẹ́ ètò ìlera sọ fún gbogbo ènìyàn pé irọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n ló fi ránṣẹ́ sí àbúrò, ìyá sí ọmọ, ọmọ ìjọ sí ọmọ ìjọ, àwọn ìwé ìròyìn sì ròyìn pé àwọn kan kú nítorí iyọ̀ náà. Níbi yìí, àwọn tó ń gbọ́ ni wọ́n jẹ́ akọ̀ròyìn, olóòtú àti agbóhùnsáfẹ́fẹ́, wọ́n sì kọ etí dídi sí àwọn tó ń sọ òtítọ́. Bí òǹwòran bá jẹ́ ẹni tí wọ́n ń gún lábẹ́rẹ́ lásán, a kò lè bi í léèrè ohunkóhun lórí èyí. Nítorí pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀, a lè bi í.

Ibẹ̀ ni ìpalára àbá abẹ́rẹ́ pọ̀ sí jù. Ó ń dá ẹni tó ṣẹ̀ sílẹ̀. Ó ń fún ọ̀daràn ní àwíjàre, ó ń fún ìjọba ní ẹni tí yóò gbé ẹ̀bi lé lórí ní ọjọ́ tí ọlọ́pàá kò bá rí apànìyàn mú, ó sì ń fún òbí ní ìdí láti má ṣe bá ọmọ rẹ̀ jókòó wo ohun tó ń wò. Nísinsìnyí tí TikTok àti Facebook ti gbòde, àbá náà ti wọ ẹ̀wù tuntun: wọ́n ní ẹ̀rọ ló ń yan ohun tí ènìyàn ń wò. Òótọ́ ni pé àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí ń fi ẹ̀rọ yan fídíò, ó sì yẹ kí òfin fipá mú wọn láti sọ bí wọ́n ṣe ń yàn án. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀rọ náà ń kà ni ohun tí àwọn ènìyàn tẹ̀, tí wọ́n wò dópin, tí wọ́n pín fún ẹlòmíràn. Fídíò ìjà àti ìtìjú ẹlòmíràn ń pọ̀ nítorí pé àwọn ènìyàn ń dúró wò ó.

Òfin tó ń fìyà jẹ ẹni tó bá pa ènìyàn ti wà ní Nàìjíríà kí fíìmù àgbéléwò tó dé, òun ni ó yẹ kí wọ́n fi múlẹ̀. NFVCB náà ní ètò kan tó bọ́gbọ́n mu tẹ́lẹ̀, èyí tó ń fi ọjọ́ orí tó yẹ sára fíìmù kí òbí lè mọ èyí tó tọ́ sí ọmọ, kí àgbà sì yan tirẹ̀. Ètò yìí ń bá òǹwòran lò bí ẹni tó lè yàn. Kí àjọ náà dì í mú, kí ó fagi lé apá ìlànà 2024 tó ń sọ ìtàn di ọ̀ràn, kí ilé ẹ̀kọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń béèrè ẹni tó ṣe ètò kan, ẹni tó sanwó rẹ̀ àti ohun tó fi sílẹ̀ láìsọ. Ní ti ẹni tí ìfiranṣẹ́ kan bá dé sórí fóònù rẹ̀ lálẹ́ òní, kí ó wádìí rẹ̀ kí ó tó fi ránṣẹ́ síwájú, nítorí bó bá ti fi ránṣẹ́ tán, òun ni yóò dáhùn fún un.